Ṣé kí n yọ ọ́ ni, àbí kí n fi í sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ lórí eyín tí wọ́n fi mẹ́kúrì dí

Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì kan n'Ìbàdàn ló pè mí pé kí n wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú eyín àgbà. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀: búrọ́ọ̀ṣì, orín, obì, ṣúgà. Kí n tó dé orí àga ni màmá kan ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ọmọ àwọn tó wà ní London pè lálẹ́ àná, ó ní, "Mọ́mì, májèlé ló wà lẹ́nu yín o. Ẹ lọ yọ gbogbo ẹ̀ kíá." Eyín mẹ́rin ni wọ́n ti bá màmá yìí dí láti bí 1984. Wọ́n ní, "Dókítà, ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni?"

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ alága, mo pa orín àti obì tì. Ìbéèrè màmá ni mo dáhùn lọ́jọ́ náà, òun náà ni mo sì tún kọ síbí.

Ẹ̀yin òbí mi, ọmọ yẹn kò parọ́. Ohun aláwọ̀ eérú tí ẹ ń rí nínú eyín ìjẹun yín, amalgam ni àwa oníṣègùn eyín ń pè é, ẹ̀yin ń pè é ní sílífà. Fàdákà wà níbẹ̀ lóòótọ́, bàbà àti tánńganran náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ mẹ́kúrì. Ẹ rántí tẹmómítà àtijọ́ tó bá já bọ́ tó fọ́, tí ohun dídán inú rẹ̀ á máa yí gbirigbiri nílẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀? Òun náà ni. Tí a bá pò ó mọ́ ìyẹ̀fun àwọn irin yòókù, wọn a gbá ara wọn mú, wọn a le gbagidi, kò sì ní ṣàn mọ́. Ṣùgbọ́n kò dákẹ́ pátápátá. Bí ẹ bá ń jẹun, bí ẹ bá mu tíì gbígbóná, tàbí tí ẹ bá ń wa eyín pọ̀ lójú oorun, ìwọ̀n bíńtín nínú rẹ̀ á máa gbéra bí ooru tí ojú ò lè rí.

Ibi ooru yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Tí ẹ bá ṣèèṣì gbé wóró amalgam mì, ìfun kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á rárá, ẹ ó yà á dànù. Èyí tí ẹ bá mí sínú ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí ìdá 8 nínú 10 rẹ̀ ni ara ń gbà, ọpọlọ àti kíndìnrín ló sì ń bá lọ. Nítorí náà, ẹ má bi mí bóyá mẹ́kúrì jẹ́ májèlé. Ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi mí pé ìgbà wo ni ooru yẹn ń jáde jù.

Ìjà yìí ti dàgbà ju gbogbo wa lọ. Ní 1833 ni wọ́n gbé amalgam dé New York láti ilẹ̀ Yúróòpù. Ní 1845, ẹgbẹ́ oníṣègùn eyín tó wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà ní kí ọmọ ẹgbẹ́ bura pé òun kò ní fi dí eyín ẹnikẹ́ni. Ìjà náà le débi pé ẹgbẹ́ ọ̀hún tú ká ní 1856. Àwọn ìwádìí tí mo fọkàn tán jù kò dé títí di 2006, nígbà tí ìwádìí méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan wáyé ní Lisbon lórí ọmọ 507, èkejì ní ìhà New England ní Amẹ́ríkà lórí ọmọ 534. Wọ́n fi amalgam dí eyín àwọn kan, wọ́n fi ohun funfun dí ti àwọn yòókù, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn, ọdún 7 ní Lisbon, ọdún 5 ní Amẹ́ríkà. Mẹ́kúrì inú ìtọ̀ àwọn ọmọ alámalgam ga díẹ̀ ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ní ti ìrántí, ìfọkànsí àti ọgbọ́n orí, wọn ò rí ìyàtọ̀ gidi kan.

Kí ló wá dé tí àwọn ilẹ̀ Yúróòpù fi fòfin dè é? Òótọ́ ni, láti oṣù kìíní 2025, àwọn orílẹ̀-èdè inú Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbọ́dọ̀ fi í dí eyín mọ́ àfi tó bá pọn dandan fún ìlera aláìsàn. Omi, ilẹ̀ àti ẹja ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń rò. Àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2013, Minamata ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹn ìlú kan ní Japan tí ilé iṣẹ́ da mẹ́kúrì sínú òkun rẹ̀, tí àwọn tó jẹ ẹja ibẹ̀ sì ya aláàbọ̀ ara. Irú mẹ́kúrì tó wà nínú ẹja yẹn yàtọ̀ sí ti inú eyín. Ohun tí ọmọ màmá kò sì fi kún un nìyí: èyí tí a fẹ́ fi dí eyín lọ́la ni òfin náà ń bá wí. Kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ gbẹ́ èyí tó ti jókòó jẹ́jẹ́ sẹ́nu láti 1984.

Torí pé ìgbà tí a bá ń gbẹ́ ẹ gan-an ni ooru ń jáde jù. Ẹ̀rọ yẹn ń yí bí òòyì, ó ń gbóná, ó ń lọ irin náà kúnná, imú yín sì wà lókè rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ amalgam láì gbẹ́ ara eyín tó yè mọ́ ọn. Ihò á fẹ̀ sí i, eyín á tín-ín-rín sí i. Mo ti rí eyín tí kò dun ẹnikẹ́ni rí tó di fífà lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, nínú ìkìlọ̀ wọn ní September 2020, ní bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, kí a má ṣe fi amalgam dí eyín aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọmọdé pàápàá tí kò tí ì pé ọdún 6, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹni tó ní àrùn ọpọlọ tàbí ti iṣan, àti ẹni tí ara rẹ̀ kọ mẹ́kúrì. Nínú ìkìlọ̀ kan náà ni wọ́n ti ní kí a má yọ èyí tó ṣì dára, àfi tí ìlera bá béèrè fún un.

Kí ló wá ń mú mi yọ ọ́? Kó sán. Kí etí rẹ̀ ṣí, kí oúnjẹ máa há síbẹ̀. Kí eyín tún jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Kí ara ẹnu tó kàn án máa pọ́n, kó máa bó, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ara kọ̀ ọ́. Aláboyún tó bá fẹ́ yọ èyí tó dára, mo máa ń ní kó bímọ ná, kó sì já a lẹ́nu ọmú.

Inú ń bí mi sí àwọn tó ń ta "ìfọ̀dọ̀tí mẹ́kúrì". Wọ́n á fún yín ní oògùn tó ń fa irin jáde, wọ́n á wá wọn ìtọ̀ yín. Ó di dandan kí iye tí wọ́n rí ga, oògùn náà ló fà á! Wọ́n á wá ní ìgbàgbé, àìsùn àti ara ríro yín, eyín ló fà á, láì tí ì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ṣúgà yín rárá.

Ó sì kù kí n bá ẹ̀yin màmá sọ èyí tí ẹ ò fẹ́ gbọ́. Àwọn kan nínú ìpara àti ọṣẹ ìbóra tó wà lọ́jà ní mẹ́kúrì nínú, àárọ̀ àti alẹ́ la sì ń fi pa gbogbo ara. Ẹni tó ń pa irú rẹ̀, tó tún ń sunkún eyín kan, ó ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. (Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ò rẹ́rìn-ín.)

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, màmá wá sí ọ́fíìsì mi. Mẹ́ta nínú mẹ́rin dúró digbí. Ẹ̀kẹrin sán létí, eyín sì ti ń jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo yọ. Mo ta rọ́bà pẹlẹbẹ bo ẹnu wọn kí eyín náà nìkan lè yọ jáde, mo gbé páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ tì í, mo ń da omi sí i láì dáwọ́ dúró, mo sì gé amalgam náà ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ, mi ò lọ̀ ọ́. Ohun funfun ni mo fi dí i padà.

Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní kí n kó èyí tí mo yọ fún àwọn, àwọn fẹ́ yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí London. Mo ní, "Màmá, ẹ yà á níbí. Kò gbọ́dọ̀ jáde nílé yìí." Wọ́n yọ fóònù, wọ́n yà á nínú ìgò tí mo ti dé pa.