Nígbà tí ọmọ bá fara ya ní kíláàsì

Òkun o, ẹ̀yin olùkọ́ wa ní Owé, Ìjùmú, Yàgbà, Búnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé: ìṣẹ́jú tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fọwọ́ gbá tábìlì, tó ń fọ́n ìwé káàkiri, tó ń sunkún débi pé kò lè mí dáadáa, tàbí tó gbórí lé tábìlì tí kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Ohun tí olùkọ́ bá ṣe lásìkò yẹn ló ń sọ bóyá ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀ tàbí á di ìjà, ọgbẹ́ àti ìwé ìléni kúrò nílé ẹ̀kọ́. A ò ní kí ẹ má bá ọmọ wí. Ohun tí à ń sọ ni pé ìbáwí ní àsìkò tirẹ̀, àsìkò náà kò sì tíì tó nígbà tí ara ọmọ ṣì ń gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ara náà. Bí ẹ̀rù, ìtìjú tàbí ìbínú bá ká ọmọ mọ́, ẹ̀yà kékeré kan nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala á kéde ewu. Èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní adirẹnalíìnì á tú sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, èémí á kúrú, iṣan á le. Walter Cannon, onímọ̀ nípa ara ní Amẹ́ríkà, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1915 pé ńṣe ni ara ń múra láti jà tàbí láti sá. Apá iwájú ọpọlọ, èyí tí a fi ń ronú, tí a fi ń wọn ọ̀rọ̀ kó tó jáde lẹ́nu, kì í ríṣẹ́ ṣe dáadáa nígbà náà. Nínú ọmọ ọdún 13 tàbí 15 sì rèé, apá yẹn ṣì ń dàgbà lọ́wọ́. Ó di bí ọdún 25 kó tó gbó. Nítorí náà, “Ṣé orí rẹ pé báyìí?” kì í ṣe ìbéèrè tí ọmọ náà lè dáhùn. Bí epo bá gbaná nínú agbada, ẹni tó bu omi sí i ló máa jóná. Ọmọrí là ń fi dé e, a ó sì yẹ iná kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ariwo olùkọ́ ni omi yẹn.

Geoff Colvin, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, pín ìfaraya sí ìpele méje: ọmọ wà ní ìrọ̀rùn, nǹkan kan tọ́ ọ, ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́, ó ń gbóná sí i, ó dé góńgó, ó ń rọlẹ̀, ó padà bọ̀ sípò. Ìpele kejì àti ìkẹta ni agbára olùkọ́ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà la sì máa ń fojú fò. Ọmọ ń gbọn ẹsẹ̀, ó ń pa ohun tó kọ rẹ́ léraléra, ó di ìkúùkù, ó ń tọrọ àyè ilé ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan, tàbí aláròyé tó dákẹ́ lójijì. Ẹ rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ìwé gbogbo wọn. Ẹ rọra bi í pé, “Ṣé kò sí?” Ẹ rán an níṣẹ́ kékeré, kó lọ bá yín mú ṣọ́ọ̀kì wá. Ọ̀pọ̀ nǹkan á parí síbẹ̀.

Kí ló máa ń tọ́ wọn? Ẹ wò ó lágbègbè wa níbí. Lásìkò káṣú, láti bí oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, àwọn ọmọ mìíràn ti ṣa káṣú lóko kí wọ́n tó wá sílé ẹ̀kọ́, wọ́n á sì dé láìfi nǹkan kan kan ẹnu. Ebi nìkan tó láti sọ ọmọ di ẹlẹ́jọ́. Kíka orúkọ àwọn tó jẹ owó ilé ẹ̀kọ́ lórí ìlà àárọ̀ ńkọ́? Ìtìjú yẹn lè dúró lára ọmọ títí di ọ̀sán. Ìbẹ̀rù ajínigbé lójú ọ̀nà oko wà níbẹ̀ náà: ọmọ tí wọ́n ti gbé ẹbí rẹ̀ rí lè bẹ́ sókè tí ọ̀kadà bá kàn dún gbàmù lẹ́yìn fèrèsé. Àìsàn ńkọ́? Ibà tó ga, wárápá, àsímà àti ìrora fòníkú-fọ̀la-dìde lè jọ agídí lójú ẹni tí kò mọ̀. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ó bá gbà yín láàyè, kí ẹ sì mọ àwọn tó ní àìsàn wọ̀nyí ní kíláàsì yín láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà.

Ó ti bẹ́ báyìí. Kí ni kí a ṣe?

Ara olùkọ́ ni iṣẹ́ kọ́kọ́ kàn. Ẹ fi pàṣán sílẹ̀, kódà bí ẹ ò bá ní i lọ́kàn láti nà án. Ẹ fa èémí sínú ní kíka ení dé ẹ̀rin, kí ẹ sì tú u jáde ní kíka ení dé ẹ̀fà, lẹ́ẹ̀mẹta. Èémí tó ń pẹ́ jáde ló ń sọ fún àyà pé kó rọra, kò sì gbà ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ. Olùkọ́ tí kò bá lè rọlẹ̀, kó pe ẹlòmíì. Kò sí àbùkù nínú ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ẹ dúró sí. Nǹkan bí ìwọ̀n apá méjì ni kó wà láàárín yín, kí ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́, ẹ má kọjú sí i gan-an. Ẹ má dí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí kò sì rí ọ̀nà àbájáde, ńṣe ló máa já lu ẹni tó dí i. Kí ọwọ́ yín méjèèjì hàn. Bí ó bá wà nílẹ̀, kí ẹ̀yin náà lóṣòó tàbí kí ẹ jókòó sórí àga nítòsí. Ẹ má fọwọ́ kàn án láìgba àyè, kódà láti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ má já báàgì tàbí fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà láàárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Òǹwòran ni epo tó ń mú iná ràn. Ọmọ tí ogójì ojú ń wò kò ní lè tẹríba, ì báà wù ú. Ọmọ tó fara ya kì í fẹ́ kúrò níbi tó wà, nítorí náà, àwọn yòókù ni kí ẹ kó jáde. Kí ẹ ti bá olùkọ́ kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín ṣe àdéhùn ṣáájú: bí ẹ bá rán ọmọ sí i pé kó bá yín mú ìwé pupa wá, kó mọ̀ pé kó wá kó kíláàsì jáde. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni kó máa sọ̀rọ̀. Bí mẹ́ta bá ń bẹ̀ ẹ́, tí ìkẹrin ń halẹ̀, ariwo náà kò yàtọ̀ sí ti ìjà.

Ohùn yín ńkọ́? Kó wálẹ̀, kó falẹ̀. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà ló tó lẹ́ẹ̀kan. “Mo rí i pé inú ń bí ọ.” “Mo wà níbí.” “Kò sẹ́ni tó máa nà ọ́.” Kí ẹ wá dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn máa ń ni olùkọ́ lára, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ kì í tètè wọlé sí ọmọ létí nígbà náà. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó sọ, ẹ sọ ọ́ padà fún un: “Wọ́n fi ìyá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́.” Bí ó bá ti ń gbọ́, ẹ fún un ní ohun méjì tó lè yàn, tí ìkankan kò sì ní pa yín lára: “Ṣé abẹ́ igi máńgòrò lo fẹ́ jókòó sí, àbí yàrá ìwé?” “Jókòó, àbí kí n pe ọ̀gá àgbà” kì í ṣe yíyàn, ìhàlẹ̀ ni.

Ibi tó le jù fún olùkọ́ ilẹ̀ wa rèé: ọmọ á bú yín. Ọmọdé kì í bú àgbà níbí, gbogbo kíláàsì ló sì ti gbọ́. Gbogbo ara yín á fẹ́ dáhùn, ẹnu yín á ti fẹ́ pàṣẹ pé kó kúnlẹ̀. Ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá ní kó kúnlẹ̀, tó sì kọ̀, ẹ ti da ọ̀rọ̀ kejì lé ti àkọ́kọ́, kò sì ní sọ́nà tí ẹ̀yin méjèèjì máa gbà yẹ̀ ẹ́ láìtẹ́. “Gbójú sókè, wò mí!” náà kò dáa. A ti kọ́ ọmọ yìí nílé pé kó má wojú àgbà. Ojú tó wálẹ̀ yẹn lè jẹ́ ọ̀wọ̀ tó kù lára rẹ̀. Èébú náà kò níí sọnù, ẹ ó yanjú rẹ̀ lọ́la.

Dídi ọmọ mú dìgbà tí ó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì léṣe, tí kò sì sí ọ̀nà mìíràn. Nígbà náà pàápàá, ẹ má dà á bolẹ̀, ẹ má jókòó lé e lẹ́yìn, ẹ má di ọrùn tàbí àyà rẹ̀ mú. Èémí lè dá mọ́ ọn lára níbẹ̀, ọmọ sì ti gba bẹ́ẹ̀ kú rí láwọn ilẹ̀ mìíràn. Wárápá ní tirẹ̀: ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, bó bá sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ilé ìwòsàn ló kàn.

Bí ọmọ bá ti rọlẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń ṣe àṣìṣe kan: wọ́n á ní kó tọrọ àforíjì lójú ẹsẹ̀, á sì tún bẹ́. Ohun tó tú sínú ẹ̀jẹ̀ kò tíì lọ tán. Ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, wákàtí kan bó bá le. Omi tútù, nǹkan díẹ̀ jẹ, iṣẹ́ tí kò gba ìrònú bíi títo ìwé. Kí àgbàlagbà kan wà nítòsí, láìfi ìbéèrè dà á láàmú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà tàbí àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìbáwí tó dé. Ẹ bi í: kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó di pé o fara ya? Kí ni ara rẹ kọ́kọ́ ṣe? Ta lo ṣẹ̀, báwo lo ṣe máa tún un ṣe? Bó bá tún ń bọ̀, àmì wo lo máa fún mi? Lẹ́yìn náà, kó tún àga tó fọ́ kàn, kó bẹ ẹni tó bú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ sínú ìwé kan: aago, ohun tó ṣáájú, ohun tí ẹ ṣe, ìṣẹ́jú tó gbà. Bó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ìwé yẹn lè fi hàn pé ọjọ́ ọjà ni, tàbí ìgbà ìṣirò, tàbí gbogbo ìgbà tó bá ti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ dé.

Bí ẹ bá ń ránṣẹ́ pe òbí, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe kí ẹ tó sọ ohun tí ọmọ ṣe. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án lónìí, ẹ jẹ́ kó jẹun kó sùn.” Òbí tí ojú ń tì á fẹ́ fi pàṣán fi hàn yín pé òun kọ́ ọmọ.

Ohun kan wà tí kò gba ìdúró. Bí ọmọ bá sọ pé ayé sú òun, tàbí pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bí òun kò bá sí mọ́, ẹ bi í ní tààràtà: “Ṣé ò ń rò ó láti pa ara rẹ?” Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn, ó máa ń tú u sílẹ̀ láti sọ̀rọ̀ ni. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kódà láti lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, títí ẹ ó fi fà á lé òbí tàbí dókítà lọ́wọ́. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n kó oògùn apakòrikò, oògùn eku àti oògùn ẹ̀fọn kúrò níbi tí ọwọ́ lè tó o. Nínú ilé àgbẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì gan-an ló máa ń wà. Bó bá ti gbé nǹkan mì, ẹ má fún un lépo pupa mu, ẹ má fipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni tààrà, kí ẹ sì mú ike oògùn náà dání.