Ohun Tí Àpólò Kò Tíì Mọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ṣé àlàáfíà la jí? Ọpẹ́ ni fún Ẹni tí kò jẹ́ ká sùn gbàgbé.

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:24-28.

Àpólò kì í ṣe òpè. Ọmọ Alẹkisáńdíríà ni, ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ó mọ Ìwé Mímọ́ dunjú. Ohun tó ń kọ́ni nípa Jésù kì í ṣe irọ́ rárá, àmọ́ ìrìbọmi Jòhánù ni ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Ó dé Éfésù, ó dìde nínú sínágọ́gù, ó ń sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Pìrìsílà àti Àkúílà ọkọ rẹ̀ jókòó, wọ́n ń gbọ́. Iṣẹ́ àgọ́ pípa ni tọkọtaya yìí ń ṣe jẹun o. Wọ́n rí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù sí. Wọn ò dójú tì í láwùjọ. Wọ́n mú un sọ́dọ̀, wọ́n sì la ọ̀nà Ọlọ́run yé e yékéyéké.

Ibí yìí ló máa ń gún mi lọ́kàn. Ẹni tó ti ń kọ́ ogunlọ́gọ̀ èèyàn wá jókòó síwájú àwọn tó ń rán àgọ́, ó ń gbọ́ ohun tí kò mọ̀. Ì bá ti ní, "Ta ni yín? Ìwé wo lẹ kà?" Bíbélì kò kọ ọ́ pé ó jiyàn. Kò sì da èyí tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ nù. Ìwé Mímọ́ kan náà ló ṣì fi ń fi hàn ní Ákáyà pé Jésù ni Kristi. Ó kàn jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó kù kún un ni.

Èmi o, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ nínú ọ̀rọ̀ ìyànjú pé Bíbélì ní, "Ran ara rẹ lọ́wọ́, kí Ọlọ́run lè ràn ọ́ lọ́wọ́." Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi gbé Bíbélì ka itan, ó ní, "Màmá, orí kelòó ni?" Mo ṣí i títí, n ò rí i. Kò sí níbẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ dé ẹnu mi ni, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní Bíbélì?" Mo gbé e mì. Wọ́n ní bí ọmọdé ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú àkísà yẹn, èyí tó yẹ ká kó dànù wà níbẹ̀.

Kíkọ̀ láti gba àtúnṣe lè mú ẹ̀mí lọ o. Ní 1847, ní Vienna, dókítà Ignaz Semmelweis ní kí àwọn dókítà tó ń ti ibi títú òkú wò bọ̀ wá gbẹ̀bí máa fi omi oògùn fọ ọwọ́. Ikú àwọn ìyálọ́mọ dín kù gan-an. Síbẹ̀, inú bí ọ̀pọ̀ dókítà: ṣé ọwọ́ tiwọn ló ń pani ni?

N ò ní ká máa gba gbogbo ohun tí a bá gbọ́. Àwọn ará ìlú Bèróà tí Pọ́ọ̀lù wàásù fún (Ìṣe 17:11) gba ọ̀rọ̀ tọkàntọkàn, wọ́n sì ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá, a dúpẹ́ fún oorun tí a sùn àti jíjí tí a jí.

Olúwa, ibi tí ìmọ̀ mi kù sí tí n kò mọ̀ pé ó kù, fi hàn mí lónìí.

Ẹni tí O bá rán sí mi bíi Pìrìsílà àti Àkúílà, má jẹ́ kí n fojú di í. Má jẹ́ kí ọjọ́ orí mi tàbí ìwé tí mo kà di mí létí.

Bí ó bá kàn mí láti tọ́ ẹlòmíràn sọ́nà, kọ́ mi bí a ṣe ń pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èyí tí mo ti fi àìmọ̀ kọ́ àwọn ọmọ mi, Bàbá, fún mi ní ẹnu tí n ó fi sọ fún wọn pé mo ṣì í.

Ní orúkọ Jésù. Àmín.