Ọlọ́run Pe Òbí, Ọmọ Ńkọ́? Ọ̀rọ̀ lórí Ọmọ Àgbàtọ́ àti Iṣẹ́ Míṣọ́nnárì

Àwọn tọkọtaya tó ń múra láti lọ ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì lókè òkun ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Adó-Èkìtì. Mo ti yọ ìkíni gígùn kúrò, mo sì fi ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó. Ní Èkìtì níbí, agbolé wo ni kò tíì gba ọmọ ẹlòmíràn tọ́ rí? Ọmọ àbúrò, ọmọ ọ̀rẹ́, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú lórí ìkúnlẹ̀. A ò ka iye wọn, omi ọbẹ̀ la máa ń fi kún. Bí tọkọtaya kan bá ní ọmọ mẹ́jọ, tí márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọmọ àgbàtọ́, ẹnu ò ní ya ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde nígbà tí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ kó lọ sílẹ̀ òkèèrè láti wàásù: “Ọlọ́run pè wá.” Ó dáa, òbí ti gbọ́ ìpè. Ọmọ ńkọ́?

N ò ní kí wọ́n má lọ o. Mo kàn ń sọ pé bí ìgbàgbọ́ bá ń darí irú ilé bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ara ọmọ la ó ti kọ́kọ́ rí i.

Ẹ wo Mary Slessor, míṣọ́nnárì tó wá sí Kàlàbá. Wọ́n bí i ní Aberdeen, ní Skọ́tlándì, ní 1848. Ọmọ ọdún 11 ló wà nígbà tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìhunṣọ ní Dundee. Ó dé ibẹ̀ ní 1876, ìyẹn Kàlàbá. Èèwọ̀ ni ìbejì lágbègbè yẹn nígbà náà. Wọ́n ń pa wọ́n, tàbí kí wọ́n gbé wọn jù sígbó. (Ẹ̀yin ìyá ìbejì tó wà níbí, mo rí i bí ẹ ṣe káwọ́ lérí.) Slessor ń kó wọn wálé títí ìkókó fi kún yàrá rẹ̀. Ó fi aṣọ ṣe ibùsùn tó so rọ̀ yí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ká, ó sì so okùn mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ kan bá ké lóru, á fa okùn tirẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀, á máa mì ín títí yóò fi padà sùn. Ẹni tó bá ti tọ́ ìkókó kan ṣoṣo rí mọ̀ pé kò sí oorun nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ní tèmi, okùn òru yẹn ju gbogbo ìwàásù rẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Janie. Òun yè, ìkejì rẹ̀ kú. Nígbà tí àìsàn dá Slessor padà sí Skọ́tlándì ní 1883, ó gbé Janie dání, torí ó bẹ̀rù ohun tí wọ́n lè fi ọmọ náà ṣe lẹ́yìn òun. Ní 1898 ó tún lọ, ọmọbìnrin mẹ́rin ló kó dání. Ìjọ lórí ìjọ ń pè é pé kó wá sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ náà sì di ìran àpéwò.

Ìran yẹn kò tíì tán dòní; fóònù ló wà nídìí rẹ̀ báyìí. Owó ìdílé míṣọ́nnárì á máa tán lọ, wọ́n á ya fọ́tò ọmọ àgbàtọ́, wọ́n á kọ bí wọ́n ṣe rí i lẹ́bàá ààtàn sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ìjọ nílé kí ọrẹ lè wọlé. Ọmọ á dàgbà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níléèwé á sì kan ìtàn náà lórí Facebook. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ọmọ ló ni ìtàn bó ṣe dé ilé yín.

Janie wá di ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀. Òun ló ń tọ́jú àwọn ìkókó tó ń dé lẹ́yìn. Wọ́n máa ń yìn ín fún un. Èmi ò yára yìn. Àkọ́bí tiwa náà ń pọn àbúrò, ṣùgbọ́n ìyá àgbà wà nílé, aládùúgbò wà nítòsí. Lókè òkun, níbi tí gbogbo ìyẹn ò sí, iṣẹ́ Olúwa lè rọra di iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́rùn ọmọ ọdún méjìlá.

Míṣọ́nnárì mìíràn ni David Hinderer, ọmọ Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn ní 1853. Wọn ò bímọ, síbẹ̀ ọmọ kún ilé wọn ní Kúdẹtì. Ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí, wọ́n ń ta ẹrù ilé kí ọmọ lè jẹun. Ní 1865, wọ́n rán Captain Maxwell láti Èkó wá gbé Anna jáde. Wéré ló gbọ́dọ̀ lọ. Ọkọ rẹ̀ dúró, àwọn ọmọ náà dúró. Anna padà wá, ṣùgbọ́n ní 1869 tọkọtaya náà fi Ìbàdàn sílẹ̀ pátápátá, Anna sì kú ní 1870. Daniel Olúbí, tó ti wà lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà èwe, ló ń bójú tó ìjọ lẹ́yìn wọn. Àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun kó lẹ́rú náà gbọ́ ìwàásù ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn kan nínú wọn ló sì gbé e wálé fún wa.

Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí ìyá lọ, ilẹ̀ àti èdè tí àwọn ọmọ mọ̀ ṣì wà pẹ̀lú wọn. Ọmọ tí ẹ bá kó lọ sílẹ̀ àjèjì, ẹ̀yin nìkan ló ní. Bí nǹkan bá ṣe yín ńkọ́?

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìwé fi ṣe pàtàkì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkìtì náà ti sọ di òfin ìpínlẹ̀, sọ pé ilé-ẹjọ́ ni yóò fọwọ́ sí gbígba ọmọ ẹlòmíràn ṣe ọmọ ẹni. Ìwé tí mọ̀lẹ́bí buwọ́ lù nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò tó. Ẹnìkan sọ fún mi pé àdúrà lòun máa fi ṣe é. Mo ní kó gbàdúrà, kó sì wá lọ́yà.

Ìyá kan wá béèrè bóyá ó yẹ kí ọmọ mọ̀ pé wọ́n gbà á tọ́ ni, torí a máa ń bò ó mọ́lẹ̀ níbí kí wọ́n má baà fi bú u. Mo ní kí wọ́n sọ fún un nílé, kí wọ́n tó gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá mọ ìlú tí wọ́n ti bí i, kí wọ́n mú un débẹ̀, kó gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ni ín. Bàbá kan ní ìyẹn lè mú kí ọmọ náà kọ̀ láti bá wọn lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó lè kọ̀, kí wọ́n sì ti bá ẹni tí yóò gbà á sọ́dọ̀ nílé sọ̀rọ̀ ṣáájú.