Àlàáfíà Tí A Ń Fi Ọwọ́ Ṣe

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá nílé àti lẹ́yìn odi. Àkúrẹ́ ni mo wà. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ti ìlú wọn lọ sí ìlú onílùú láti ṣiṣẹ́ láìgbowó, nítorí kí àlàáfíà lè wà, ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti ilé bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, wọ́n dìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n kéde pé Akin Ọmọ́boríowó ló wọlé. Ọ̀pọ̀ aráàlú ní irọ́ ni, pé Adékúnlé Ajásin, gómìnà tó wà lórí oyè nígbà náà, làwọn dìbò fún. Kò pẹ́ tí ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó, tí mọ́tò ń jó, tí wọ́n sì ń pa èèyàn ní ìgboro Àkúrẹ́. Ọláìyá Fágbàmígbé, ẹni tó ń tẹ ìwé Yorùbá jáde, wà lára àwọn tí wọ́n pa. Nígbà tó yá, ilé ẹjọ́ dá ipò padà fún Ajásin, ṣùgbọ́n ta ló lè dá ẹ̀mí padà? Ohun tó máa ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé Ọjà Ọba kan náà ni àwọn tó ṣe é àti àwọn tí wọ́n ṣe é fún jọ ń ná.

Ẹ ò ní í tíì gbàgbé Ọ̀wọ̀ náà. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis lọ́jọ́ ìsinmi. Àwọn tó kú níbẹ̀ kò dín ní 40.

Ọlọ́pàá ní iṣẹ́ tiwọn lórí irú èyí, Àmọ̀tẹ́kùn ní tiwọn. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí a wò lónìí ni èyí tó kù fún ẹni tí kò gbé ìbọn, tí kì í ṣe adájọ́, tó kàn ní apá méjì àti ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó lè yọ̀ǹda.

Ọkùnrin kan wà ní Switzerland tó ń jẹ́ Pierre Cérésole. Ẹnjiníà ni. Bàbá rẹ̀ ti jẹ ààrẹ orílẹ̀-èdè náà rí, arákùnrin rẹ̀ Ernest sì jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun. Pierre ní tirẹ̀ gbà pé èèyàn ò gbọdọ̀ pa èèyàn. Owó tí ẹni tí kò bá ṣe ológun gbọ́dọ̀ san fún ìjọba, kò san án, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ó lọ sí oríṣiríṣi ìpàdé àlàáfíà, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ fi sú u. Ó ní iṣẹ́ ló kù.

Ẹ wo ibi tó yàn. Verdun, ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1916, àwọn ọmọ ogun Jámánì àti ti Faransé jà níbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́wàá, nǹkan bí 300,000 ọmọ ogun ló sì kú. Ilẹ̀ oko di kìkì ihò bọ́ǹbù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1920, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí ogun parí, Cérésole àti Hubert Parris, ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn èèyàn díẹ̀ lọ sí abúlé Esnes-en-Argonne ní agbègbè yẹn. Àwọn ará Jámánì wà lára wọn. Ẹ ronú sí i ná: opó tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sógun jí lówùúrọ̀, ó rí ọmọ Jámánì tó gbé ṣọ́bìrì, tó ń dí ihò ní oko ọkọ rẹ̀.

Wọ́n kọ́ ilé onípákó fún àwọn tí ogun ba ilé wọn jẹ́. Wọ́n dí ihò, wọ́n tún ojú ọ̀nà ṣe. Wọ́n ṣe é wọ inú ọdún 1921. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ wá láti òkè pé àwọn yòókù lè dúró, kí àwọn ará Jámánì máa lọ. Wọn ò gbà. Bí wọ́n ṣe jọ wá ni wọ́n jọ kó ẹrù wọn, tí gbogbo wọn sì lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ yẹn forí ṣánpọ́n. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n jẹ́ kí àwọn ará Jámánì dá lọ ni, abúlé náà ì bá ní ilé púpọ̀ sí i, ẹ̀kọ́ tó sì kù fún wọn ì bá jẹ́ pé ọ̀tá ò kúrò ní ọ̀tá.

Ẹgbẹ́ tó ti ibẹ̀ jáde ni Service Civil International, ó sì wà títí dòní. Ní 1924, yìnyín ya lulẹ̀ láti orí òkè ní Switzerland, ó ba abúlé jẹ́, Ernest, ọ̀gá ológun tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, sì jáde wá darí àwọn tó ń kó o kúrò. Ní 1927, odò Rhine ya wọ Liechtenstein, ẹrẹ̀ àti òkúta bo oko wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó lé ní 700 láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 lọ kó o kúrò. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Bihar, ní Íńdíà, ní 1934, Cérésole tún lọ síbẹ̀, ó sì rí Gandhi.

Kí ló dé tí iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ń ṣe ohun tí ìwàásù ò lè ṣe? Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìdànrè àti Oǹdó ti mọ ìdáhùn rẹ̀ nínú àáró. Lónìí, gbogbo yín á wá sí oko kòkó mi; lọ́túnla, oko tìrẹ ló kàn. Kò sẹ́ni tó ń ṣàánú ẹnì kan níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń ràn mí lọ́wọ́ lónìí ni mo máa ràn lọ́wọ́ lọ́la. Nídìí iṣẹ́ yẹn lo ti máa mọ̀ pé ọmọ lágbájá ń ṣàìsàn, pé tàmẹ̀dù yára bínú ṣùgbọ́n kì í di kùnrùngbùn. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún ọ lẹ́yìn náà pé ará ìlú ibẹ̀ yẹn ò ṣeé bá gbé, o ti mọ ojú èèyàn méjì mẹ́ta níbẹ̀, o ti jẹun pẹ̀lú wọn. Ọ̀rọ̀ náà ò ní í tètè wọlé sí ọ létí.

Àwọn onímọ̀ náà rí i. Ní 1954, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Gordon Allport, kọ ọ́ pé kí àwọn tó kórìíra ara wọn pàdé nìkan ò tó: wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba níbi tí wọ́n ti pàdé, kí ohun kan náà jẹ́ àfojúsùn wọn, kí wọ́n jọ ṣe é, kí àwọn aláṣẹ sì fọwọ́ sí i. Ní 2006, Pettigrew àti Tropp kó ìwádìí 515 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì fi hàn pé ìkórìíra ń dín kù tí èèyàn bá ti pàdé ara wọn.

Ọ̀rọ̀ ìdọ́gba yẹn ṣe pàtàkì gan-an, Ìbàdàn tiwa sì ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí kò bá sí. Ní 1961, Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà dá Peace Corps sílẹ̀, ètò tó ń rán àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ sí ìlú onílùú, wọ́n sì rán lára àwọn àkọ́kọ́ wá sí Nàìjíríà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọ̀kan nínú wọn kọ káàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé pé ìgbé ayé wa burú, pé ìta gbangba la ti ń ṣe ohun gbogbo. Káàdì náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́jì Ìbàdàn. Wọ́n dà á kọ, wọ́n pín in káàkiri, wọ́n sì fẹ̀hónú hàn. Ó tọrọ àforíjì, ó sì kúrò nílùú. Ètò náà ò kú, bí ọdún mẹ́wàá ni àwọn Peace Corps tún fi kọ́ àwọn ọmọ wa níwèé. Ṣùgbọ́n mo gbà pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn jàre. Ẹni tó wá ràn mí lọ́wọ́, tó sì ń fi ojú ẹ̀gàn wò mí, kò gbé àlàáfíà wá.

Àwa náà ń lọ o. Láti 1987 ni ìjọba wa ti ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti ẹnjiníà jáde lábẹ́ Technical Aid Corps, tí Bọ́lájí Akínyẹmí dá sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ọdún méjì ni wọ́n máa ń lò ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, erékùṣù Kàríbíà àti Pàsífíìkì. Ti àgùnbánirọ̀, dandan ni, kì í ṣe ìyọ̀ǹda, ṣùgbọ́n inú ọgbẹ́ ogun abẹ́lé ni èrò yẹn náà ti wá, tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní 1973. Ẹ lọ wo ibùdó wọn ní Ìkàrẹ́-Àkókó, níbi tí ọmọ Sókótó àti ọmọ Ánámbra ti jọ ń tò síwájú omi.

Tó bá wù ẹ́ láti lọ, ibùdó iṣẹ́, níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti jọ ń gbé tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́, ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni, èèyàn bíi mẹ́wàá sí ogún láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Ìwọ lo máa wọ ọkọ̀ ara rẹ débẹ̀, àwọn tó gbà ọ́ lálejò á fún ọ ní oúnjẹ àti ibùsùn. Ìjà máa ń wà níbẹ̀, mi ò ní í parọ́ fún yín: ta ló fọ abọ́, ta ló ń pẹ́ jí, ta ló ń pariwo lóru. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ àìlo ipá, nítorí kò sí ọ̀gá tó máa pàṣẹ. Ẹ máa jókòó, ẹ máa sọ ọ́ títí ẹ ó fi rí ojútùú.

Ẹni tí kò lówó ọkọ̀ ńkọ́? Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Bonn ní Jámánì, ní iṣẹ́ tí èèyàn lè ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì: títúmọ̀ ìwé, kíkọ ìròyìn, yíya àwòrán. Ẹni tó bá ti pé ọdún 18 lè forúkọ sílẹ̀ láti Ìjàpọ̀ tàbí Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́ níbí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún àwọn ajẹ́ńtì. Ẹni tó bá ní kí o san owó, kóun fi ìwé ìyọ̀ǹda gba físà fún ọ, kí o wá ríṣẹ́ olówó ńlá lọ́hùn-ún, gbájúẹ̀ ni. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tó lè ṣèlérí físà. Kí o sì tó forúkọ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó jẹ́ òótọ́ pàápàá, béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni nínú aráàlú tí wọ́n ń rán ọ lọ ló sọ pé àwọn fẹ́ iṣẹ́ náà. Bí wọn ò bá lè dárúkọ ẹnì kan, wá ẹgbẹ́ mìíràn.