Ipò Kelòó Lo Mú?

BỌ́LÁ: Káyọ̀dé, ọ̀rọ̀ bàbá tó bínú sọ́mọ ẹ̀ nínú WhatsApp wa yẹn kò kúrò lọ́kàn mi o.

KÁYỌ̀DÉ: Àǹtí, ọ̀rọ̀ báńkì la ní a máa sọ lónìí.

BỌ́LÁ: Báńkì ń bọ̀. Wọ́n yan ọmọbìnrin yẹn fún ìdánwò PISA níléèwé, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n fi ń wo bí àwọn ọmọ ọdún 15 ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ṣe mọ ìṣirò, ìwé kíkà àti sáyẹ́ǹsì sí. Ó délé, bàbá ní, "Máàkì ẹ dà?" Ọmọ ní wọn kì í fún àwọn ní máàkì. Ni bàbá bá lọ gbé àtẹ èsì àwọn orílẹ̀-èdè ti ọdún 2022 jáde, ó rí Singapore lókè pẹ̀lú 575 nínú ìṣirò, ó wá ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ òun dójú ti òun. Ọmọ ọdún 15!

KÁYỌ̀DÉ: "Ẹni tó gbapò kìíní, ṣé orí méjì ló ní?"

BỌ́LÁ: Ohun tó kọ gan-an nìyẹn! Òótọ́ lọmọ sì sọ. Láti ọdún 2000 tí OECD, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ajé, ti ń ṣe é, wọn kì í dá máàkì ẹnì kankan padà fún un. Láàárín wákàtí méjì yẹn, díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè ni wọ́n ń gbé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tẹni tó jókòó tì í sì lè yàtọ̀. Orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ọmọ Lágbájá.

KÁYỌ̀DÉ: Mo gbà. Àmọ́ ẹ̀rù tó ń ba bàbá yẹn kì í ṣe lásán. Láti 2018 sí 2022, ìpíndọ́gba máàkì ìṣirò láwọn orílẹ̀-èdè OECD fi nǹkan bíi 15 lọ sílẹ̀. Irú ẹ̀ ò wáyé rí.

BỌ́LÁ: Kòrónà ńkọ́?

KÁYỌ̀DÉ: Kòrónà nìkan kọ́. Finland tó gbapò kìíní nínú ìwé kíkà ní 2000, ó ti ń já bọ̀ tipẹ́ kí kòrónà tó dé...

BỌ́LÁ: Finland tún dé! Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa, ṣé ẹ gbọ́ ọ?

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀ ná!

BỌ́LÁ: Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Káyọ̀dé, ìdánwò yìí kò béèrè ohun tọ́mọ há sórí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ lè lo ohun tó kọ́. Ọ̀rọ̀ báńkì ẹ náà wà níbẹ̀: láti 2012, àwọn orílẹ̀-èdè kan ń fi ọ̀rọ̀ owó kún un. Ìwé owó oṣù rèé, èló ló wọlé gan-an? Ímeèlì kan dé pé báńkì ló fi í ránṣẹ́, kí lo máa ṣe?

KÁYỌ̀DÉ: Àwọn gbájúẹ̀! Àgbà ńkọ́, tó ń tẹ líǹkì?

BỌ́LÁ: Ẹ̀n-ẹ́n! Nílé bàbá yẹn, tí lẹ́tà ìjọba bá dé, ta ló ń kà á? Ta ló ń bá ìyá ẹ̀ kún fọ́ọ̀mù? Ọmọ yẹn ni! Láti kékeré!

KÁYỌ̀DÉ: Àǹtí... ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́. Síbẹ̀, kó ṣe ìṣirò ẹ̀ o.

BỌ́LÁ: Ta ló ní kó má ṣe é? Àní kí wọ́n yéé bú u! Mo máa pe bàbá náà lálẹ́ yìí.

KÁYỌ̀DÉ: Ẹ rọra bá a sọ̀rọ̀ o.

BỌ́LÁ: Ìwọ lo máa kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Sọ ti Finland fún un, tó bá ti sùn lọ tán, kí o gbé fóònù fún mi.

(Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.)