Ẹ̀jẹ̀ ni eegun ń wá

Ẹ wo ògiri amọ̀ yìí dáadáa. Kétu ní Benin la wà, ìtòsí Akaba Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà. Wọ́n gé koríko gbígbẹ sínú amọ̀ kí wọ́n tó fẹsẹ̀ pò ó. Amọ̀ ló mú un le. Koríko ni kò jẹ́ kí ògiri lanu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni eegun wa rí. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ ló jẹ́ èròjà líle bí òkúta. Èyí tó pọ̀ nínú ìyókù jẹ́ fọ́nrán kọ́lájìn tó ṣeé tẹ̀.

Tí èèyàn bá ṣubú lórí zemidjan, ọ̀kadà wa, lọ́nà Pobè, tí ẹsẹ̀ ṣẹ́, tí wọ́n sì tò ó dáadáa, eegun sábà máa ń so fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá rún wómúwómú, tí àlàfo ńlá ṣẹ́kù ńkọ́? Dókítà lè bù nínú eegun ìbàdí aláìsàn kó fi dí i. Ó ń dùn ún, kì í sì í tó. Ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ fi ń po eegun àtọwọ́dá: èròjà líle nìkan á fọ́ bí àwo, kọ́lájìn nìkan á rọ̀ jù, wọ́n bá pò wọ́n pọ̀.

Líle kọ́ ni ìṣòro tó kù. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fi nǹkan bí 0.2 mílímítà jìnnà sí iṣan ẹ̀jẹ̀, ebi á pa á. Ará Kétu ò nílò àlàyé lórí èyí. Àwọn àgbà wa mọ ohun tí omi tó jìnnà sílé ń ṣe.

Nítorí náà wọ́n ń dá ihò sí eegun àtọwọ́dá lára, ó kéré tán bí 0.3 mílímítà, kí ihò kan sì já sí èkejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pe iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé. VEGF, èròjà kan tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ hù, ni ara fi ń pè é, ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀ bá tú jáde lọ́jọ́ kan, iṣan tó bá hù á máa jò. Díẹ̀díẹ̀ ló yẹ kó máa jáde.

Àwọn mìíràn ń fi cobalt, irú irin kan, bíńtín sí i. Ó ń tan sẹ́ẹ̀lì jẹ pé atẹ́gùn ti wọ́n, sẹ́ẹ̀lì á sì tú VEGF jáde fúnra rẹ̀. Ẹ̀tàn ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀! Àmọ́ tó bá pọ̀ jù, májèlé ni. Gíláàsì tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Larry Hench ṣe ní Florida, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1969, tó ń lẹ̀ mọ́ eegun, náà ń ta iṣan jí bó ṣe ń yọ́.

Ara eku àti ehoro ni wọ́n ṣì ti ń dán èyí tó ní cobalt wò jù. Tẹ́nì kan bá gbé e wá tà fún yín lọ́jà, ẹ ní kó kọ́kọ́ mú ehoro rẹ̀ wá.