Kí Ẹsẹ̀ Tó Kan Kilimanjaro: Bí A Ṣe Ń Múra Ara Sílẹ̀ fún Òkè Gíga

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè tí àwọn tó fẹ́ gun Kilimanjaro máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Kílómítà mélòó ni kí n máa sá lójúmọ́?" Ìdáhùn mi kì í tẹ́ wọn lọ́rùn. Eré sísá dára, àmọ́ ẹsẹ̀ nìkan kọ́ ló ń gun òkè yẹn.

Kilimanjaro, ní Tanzania, ga tó 5,895 mítà. Ìdá 21 nínú 100 ni ọ́síjìn jẹ́ nínú afẹ́fẹ́ Èkó, iye yẹn náà ló jẹ́ lókè. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún ló fẹ́lẹ́: èémí kan lórí ṣóńṣó òkè kò kó ju nǹkan bí ìdajì ọ́síjìn tí èémí kan ń kó ní etíkun. Kò sí eré ìdárayá kankan ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó lè mú kí èyí mọ́ ara lára ṣáájú. Agbábọ́ọ̀lù tí ara rẹ̀ le lè máa bì lẹ́bàá ọ̀nà, kí ìyá àgbà tó ń rọra rìn sì kọjá lára rẹ̀. Agbára a máa tan ènìyàn, á jẹ́ kó yára ju bí ara ṣe lè gbà lọ.

Kí wá ni à ń ṣe eré ìdárayá fún? Kí ìrìn náà má baà tán wa lókun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú. Ẹ máa rìn tàbí kí ẹ rọra máa sáré ní ìwọ̀n tí ẹ ṣì lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ gbé àpò tó wúwo díẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ rin ọ̀pọ̀ wákàtí. Èkó kò ní òkè, àmọ́ ó ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ẹ máa gun àtẹ̀gùn wọn.

Ẹ má sì wọ ẹ̀rọ agbéniròkè (lift) sọ̀kalẹ̀ o, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi sọ̀kalẹ̀! (Ẹ ń rẹ́rìn-ín.) Àwọn tó ń gba ọ̀nà Machame, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí a ń gbà gun Kilimanjaro, máa ń ti orí òkè sọ̀kalẹ̀ dé ibùdó Mweka lọ́jọ́ kan náà, ìsọ̀kalẹ̀ tó tó nǹkan bí 2,800 mítà. Nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, iṣan itan ń nà bó ṣe ń gbé ìwúwo wa dúró; ohun tó ń fà á ya wẹ́wẹ́ nìyẹn. Iṣan tí kò bá tíì mọ iṣẹ́ yìí, orúnkún ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ mọ jẹ́nótáìpù yín kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá jẹ́ SS, mi ò ní gbà á níyànjú láti lọ rárá. Ọ̀pọ̀ AS ń gun òkè láìsí wàhálà, síbẹ̀ ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan pé ìrora líle mú wọn lápá òsì ikùn, lábẹ́ egungun ìhà. Ẹ bá dókítà sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Tí ẹ bá ní àyè, ọjọ́ méje ni kí ẹ fi gun òkè náà, ẹ má fi márùn-ún gùn ún, kí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ yẹn lè máa mọ́ yín lára díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ọ̀nà Machame ń ṣe nìyẹn: a máa gbé yín dé àpáta Lava Tower, nǹkan bí 4,600 mítà, lẹ́yìn náà ẹ ó sùn ní ibùdó Barranco tó rẹlẹ̀ sí i. Orí fífọ́, ẹ sọ ọ́ fún atọ́nà. Tí ẹnikẹ́ni bá ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, tàbí tó jókòó jẹ́ẹ́ tí kò lè mí dáadáa, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lóru náà, ẹ má dúró de ìdájí.